ÌLÉRÒRÒ LẸ́YÌN ABẸ́RẸ́ ÀJẸSÁRA: OHUN TÍ Ó YẸ KÍ ÌDÍLÉ MỌ̀

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀hùrù rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ń jà ràn-ìn láàárín àwọn ará láti oṣù kẹta ọdún 2021, nígbà tí abẹ́rẹ́ àjẹsára àrùn kòrónà kọ́kọ́ dé orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Wọ́n ń sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń sọ ọ́ ní ìpàdé àwọn ìyá, wọ́n sì ń fi í ránṣẹ́ sí ara wọn lórí fóònù pé abẹ́rẹ́ a máa mú kí ara ènìyàn lé ròrò, kí awọ rẹ̀ sì máa bó. Àwọn kan gbà á gbọ́ pátápátá. Àwọn kan ní irọ́ funfun báláú ni. Àwọn mìíràn ní kì í ṣe ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ rárá, wọ́n ní ọwọ́ ọ̀tá ni.

Bí ó bá jẹ́ pé ẹnu lásán ni ọ̀rọ̀ náà mọ, à bá fi í sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti kọjá bẹ́ẹ̀. A mọ ìyá àgbà kan tí ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Lẹ́yìn tí ó gba abẹ́rẹ́ ni ara bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, kò sì pẹ́ tí ìléròrò ńláńlá fi yọ sí i ní itan àti ní apá. Àwọn ọmọ rẹ̀ kò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Wọ́n ya abọ́ àti ife rẹ̀ sọ́tọ̀, wọ́n sì ní kí àwọn ọmọ-ọmọ má ṣe wọ yàrá rẹ̀ mọ́. Ìyá ọlọ́mọ kan ní àdúgbò kan náà gbọ́ ìròyìn yìí, ó sì búra pé ọmọ òun tí ó jẹ́ ọmọ oṣù méjì kò ní gba abẹ́rẹ́ kankan láéláé. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ará: àìmọ̀ kan náà ni ó ti ìyá àgbà mọ́ yàrá, òun náà ni ó sì fi ọmọ ọwọ́ sílẹ̀ láìní ààbò.

Nítorí èyí ni a ṣe jókòó ti ọ̀rọ̀ náà, kí a lè gbé ohun tí àwọn oníṣègùn awọ ara mọ̀ nípa rẹ̀ kalẹ̀ ní èdè wa. A kì í ṣe dókítà, ohun tí a sì kọ síhìn-ín kò lè rọ́pò ọ̀rọ̀ dókítà tí ó fi ojú rí aláìsàn. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá mọ ohun tí ń bá òun jà ni yóò mọ ibi tí yóò sá lọ.

KÍ NI ÀRÙN NÁÀ GAN-AN?

Oríṣiríṣi nǹkan ni ó ń mú kí ara lé ròrò. Omi gbígbóná ń ṣe é, bàtà tí ó há ń ṣe é. Kòkòrò tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì wà tí ó dúdú tí ó sì pupa, tí ń fò yí iná mànàmáná ká ní alẹ́. Bí a bá fọwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa mọ́ ara, ojú ibẹ̀ lè lé ròrò gbọọrọ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Gbogbo ìwọ̀nyí, láti òde ni wọ́n ti wá.

Ṣùgbọ́n irú ìléròrò kan wà tí ó ń ti inú ara wá. Ọlọ́run fi àwọn ọmọ-ogun kan sínú ẹ̀jẹ̀ wa láti máa bá kòkòrò àrùn jà. Nígbà mìíràn, àwọn ọmọ-ogun yìí a ṣi ọ̀tá mọ̀, wọn a sì yí idà wọn padà sí ara tí ó yẹ kí wọ́n dáàbò bò. Bí ó bá jẹ́ oríkèé ni wọ́n dojú kọ, oríkèé a wú, a sì máa ro ni. Bí ó bá jẹ́ awọ ni, awọ lè lé ròrò.

Méjì ni a óò dárúkọ nínú irú àrùn awọ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣègùn ń pe èkíní ní pemphigus, wọ́n ń pe èkejì ní bullous pemphigoid. Fún ìgbà pípẹ́, ojú kan náà ni wọ́n fi ń wo méjèèjì. Ní ọdún 1953 ni dókítà Walter Lever, ní ìlú Boston ní Amẹ́ríkà, fi hàn kedere pé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n. Ní ọdún 1964, Ernst Beutner àti Robert Jordon ní ìlú Buffalo rí àwọn ọmọ-ogun tí ń kọlu awọ nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn tí ó ní pemphigus. Ní ọdún 1967, wọ́n rí ti pemphigoid pẹ̀lú. Láti ìgbà náà ni a ti mọ̀ dájú pé ara fúnra rẹ̀ ni ó ń bá ara jà.

BÍ ÒGIRI TÍ SÌMẸ́ŃTÌ RẸ̀ JẸ

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé tọmọdé tàgbà, ẹ jẹ́ kí a fi ògiri ṣe àpèjúwe. Awọ wa ní ìpele méjì: awọ òkè tí a ń fi ojú rí, àti awọ ìsàlẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ń gba inú rẹ̀ kọjá. Awọ òkè dà bí ògiri búlọ́ọ̀kù tí a mọ lé orí ìpìlẹ̀. Sìmẹ́ńtì wà láàárín búlọ́ọ̀kù kan àti èkejì; sìmẹ́ńtì mìíràn sì wà tí ó so gbogbo ògiri mọ́ ìpìlẹ̀.

Nínú pemphigus, sìmẹ́ńtì tí ó wà láàárín àwọn búlọ́ọ̀kù ni ọmọ-ogun ara ń jẹ. Nítorí náà ìléròrò rẹ̀ máa ń rọ̀, kì í pẹ́ tú, egbò rẹ̀ a sì wà ní òfìfo. Inú ẹnu ni ó sábà máa ń ti bẹ̀rẹ̀, débi pé aláìsàn lè má lè jẹ ata tàbí kí ó gbé ẹ̀bà mì fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ kí ohunkóhun tó hàn ní ara rẹ̀.

Nínú pemphigoid, sìmẹ́ńtì tí ó so ògiri mọ́ ìpìlẹ̀ ni wọ́n ń kọlù. Odindi awọ òkè a gbéra kúrò lórí ìsàlẹ̀, omi a sì kún abẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí ìléròrò tirẹ̀ fi máa ń le, tí ó ń ki, tí ó sì lè wà bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ó tó tú. Àwọn àgbàlagbà ni ó sábà ń mú, pàápàá àwọn tí ó ti kọjá ọgọ́ta tàbí àádọ́rin ọdún. Ara yíyún ni ó sábà máa ń ṣáájú, ó lè tó ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù mélòó kan. Ara a sú, a pupa tàbí kí ó dúdú sí i, kí ìléròrò tó wá yọ ní apá, ní itan, ní ikùn àti ní abíyá.

Ẹ fi ọ̀rọ̀ kan yìí sọ́kàn ju gbogbo rẹ̀ lọ: àrùn méjèèjì kì í ràn. Kò sí ẹni tí yóò kó o nípa jíjẹun pọ̀, nípa bíbọ ara ẹni lọ́wọ́, tàbí nípa sísùn lórí ẹní kan náà. Kò sí ìdí kankan láti ya abọ́ ìyá àgbà sọ́tọ̀.

ǸJẸ́ ABẸ́RẸ́ NI Ó FÀ Á?

Ẹ jẹ́ kí a sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ láìfi igbá kan bọ ọ̀kan nínú. Kí àrùn kòrónà tó dé rárá ni àwọn dókítà ti ń kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn aláìsàn kan wà tí pemphigoid wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọ̀fìnkìn tàbí ti tẹ́tánọ́ọ̀sì. Láti ọdún 2021, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ ti wá láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ nípa àwọn tí ó gba abẹ́rẹ́ kòrónà. Bullous pemphigoid ni ó pọ̀ jù nínú wọn, ṣùgbọ́n pemphigus náà wà níbẹ̀. Àwọn kan sì ti ní àrùn náà tẹ́lẹ̀, tí ó ti lọ sílẹ̀, tí ó tún wá gbérí lẹ́yìn abẹ́rẹ́. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí kò sọ òtítọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró, ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Pé nǹkan kan tẹ̀lé nǹkan kan kò sọ pé èkíní ni ó bí èkejì. Àkùkọ a máa kọ kí ilẹ̀ tó mọ́, ṣùgbọ́n àkùkọ kọ́ ni ó mú kí ilẹ̀ mọ́. Àwọn àgbàlagbà ni pemphigoid sábà ń mú, yálà wọ́n gba abẹ́rẹ́ tàbí wọn kò gbà á. Àwọn àgbàlagbà kan náà sì ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè kọ́kọ́ fún ní abẹ́rẹ́ kòrónà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe ìṣirò kékeré kan, kí ó lè yé wa. Ká ní nínú 100,000 àgbàlagbà, 12 ni àrùn yìí ń bẹ̀rẹ̀ lára wọn ní ọdún kan. Ìyẹn já sí ẹnì 1 ní oṣù kan. Bí a bá wá fún mílíọ̀nù 1 àgbàlagbà ní abẹ́rẹ́ lónìí, a óò rí 10 nínú wọn tí ara wọn yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lé ròrò kí oṣù kan tó pé, kódà bí ó bá jẹ́ omi lásán ni ó wà nínú abẹ́rẹ́ náà. Àwọn 10 yìí àti ìdílé wọn, abẹ́rẹ́ ni gbogbo wọn yóò dárúkọ. A kò sì lè bá wọn wí, nítorí ohun tí ojú wọn rí ni wọ́n sọ.

Kí wá ni ó lè jẹ́ òtítọ́ láàárín méjèèjì? Ohun tí àwọn oníṣègùn rò ni pé, nínú ìwọ̀nba ènìyàn díẹ̀, àrùn náà ti lè máa fara pamọ́ tẹ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àjẹsára ni láti pe àwọn ọmọ-ogun ara jáde kí wọ́n lè kọ́ ìjà. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn kan nínú wọn ti ń ṣi ọ̀tá mọ̀ tẹ́lẹ̀, ìpè yìí lè jí wọn. Iná ti wà lábẹ́ eérú. Afẹ́fẹ́ ni ó kàn fẹ́ ẹ. Abẹ́rẹ́ nìkan sì kọ́ ni ó lè fẹ́ irú iná bẹ́ẹ̀. Àwọn dókítà ti rí àwọn tí pemphigoid wọn bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tí àrùn kòrónà gan-an ti ṣe wọ́n.

ÀWỌN OHUN MÌÍRÀN TÍ Ó YẸ KÍ A WÒ

Ewu kan wà nínú kí ènìyàn tètè pariwo abẹ́rẹ́: kò ní wo ẹ̀yìn láti rí ohun mìíràn. Oògùn tí a ń gbé mì lójoojúmọ́ lè wà lára ohun tí ó fa pemphigoid. Àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan wà tí orúkọ wọn parí sí "gliptin", bíi sitagliptin, linagliptin àti vildagliptin. A ti rí i pé wọ́n lè fa àrùn yìí, nígbà mìíràn lẹ́yìn oṣù púpọ̀ tí ènìyàn ti ń lò wọ́n. Wọ́n ti fura sí furosemide pẹ̀lú, èyí tí ọ̀pọ̀ mọ̀ sí Lasix, oògùn tí ń mú ni tọ̀. Bákan náà ni àrùn yìí ń mú àwọn tí àrùn rọpárọsẹ̀ àgbà ti kọlù rí, tàbí àwọn tí àrùn ìgbàgbé ń ṣe, ju àwọn ẹlòmíràn lọ.

Nítorí náà, bí ẹ bá ń gbé aláìsàn lọ sí ilé ìwòsàn, ẹ kó gbogbo oògùn tí ó ń lò sínú ọ̀rá kan, àti èyí tí ẹ rà ní kẹ́míìsì àti àgbo tí ẹ sè nílé. Ẹ mú káàdì abẹ́rẹ́ rẹ̀ dání pẹ̀lú. Ẹ má ṣe fúnra yín dá oògùn àtọ̀gbẹ tàbí ti ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Dókítà ni yóò sọ èyí tí a óò pààrọ̀.

Irú ìléròrò kan tún wà tí ó yàtọ̀ sí èyí tí a ń sọ, tí ó sì léwu gidigidi. Àwọn dókítà méjì ní Amẹ́ríkà, Stevens àti Johnson, ni wọ́n kọ̀wé nípa rẹ̀ ní ọdún 1922, orúkọ wọn ni wọ́n sì fi ń pè é títí di òní. Oògùn ni ó sábà máa ń fà á. Ní ilẹ̀ wa níhìn-ín, àwọn oògùn tí ó ní sọ́fà nínú, irú bíi Fansidar àti Septrin, ni a mọ̀ mọ́ ọn. Ibà a mú aláìsàn, ojú rẹ̀ a pọ́n, ẹnu rẹ̀ a bó, awọ rẹ̀ a máa ta á bí ẹni tí iná jó, lẹ́yìn náà awọ a máa ṣí kúrò. Bí ẹ bá rí àmì wọ̀nyí, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Ilé ìwòsàn ńlá ni kí ẹ gbé e lọ ní wákàtí kan náà.

ÀWỌN ỌMỌ ỌWỌ́ ŃKỌ́?

Ìbéèrè tí àwọn ìyá ń béèrè nìyí, ó sì yẹ kí a dá wọn lóhùn. Pemphigoid lè mú ọmọ ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Ó sábà máa ń hàn láàárín oṣù mẹ́ta sí márùn-ún, ìléròrò rẹ̀ a sì máa bẹ̀rẹ̀ ní àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀. Nínú àwọn kan, abẹ́rẹ́ ti ṣáájú rẹ̀ ní ọjọ́ tàbí ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní ọjọ́ orí yìí gan-an ni gbogbo ọmọ ń gba abẹ́rẹ́ wọn, nítorí náà ó ṣòro kí àrùn kan bẹ̀rẹ̀ nígbà náà kí abẹ́rẹ́ má wà nítòsí rẹ̀.

Ìròyìn ayọ̀ tí ó wà níbẹ̀ ni pé àwọn ọmọ wọ̀nyí sábà máa ń gbádùn pátápátá bí a bá tọ́jú wọn, àrùn náà kì í sì í sábà padà wá. Ẹ̀wẹ̀, ibà díẹ̀ tàbí ojú abẹ́rẹ́ tí ó wú fún ọjọ́ kan tàbí méjì kì í ṣe àrùn yìí. Ẹ má ṣe dààmú ara yín lásán.

KÌ Í ṢE ÈPÈ, KÌ Í SÌ Í ṢE ẸRÍ ẸṢẸ̀

Láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn baba wa ti ń so àrùn awọ mọ́ ìbínú àwọn ẹ̀mí. Nígbà tí ilé gbígbóná ń pa ènìyàn nílẹ̀ Yorùbá, wọ́n ní Ṣọ̀pọ̀ná ni ó ń jà, a kò sì gbọdọ̀ dárúkọ rẹ̀ ní ọ̀sán gangan. Dókítà Ọ̀gúntọ́lá Sápará, ọmọ Yorùbá tí ó kọ́ ìṣègùn ní Ìlú Ọba, wọ inú ẹgbẹ́ àwọn olùsìn náà ní bòókẹ́lẹ́ láti mọ àṣírí wọn. Ìròyìn tí ó mú jáde wà lára ohun tí ó mú kí ìjọba fi òfin de ìsìn náà ní ọdún 1917. Kì í ṣe ètùtù ni ó lé ilé gbígbóná lọ. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ni Ọlọ́run lò. Ní ọdún 1970 ni àrùn náà tán ní Nàìjíríà, ní ọdún 1980 ni àjọ ìlera àgbáyé sì kéde pé ó ti tán ní gbogbo ayé.

Ó ṣe ni láàánú pé irú èrò àtijọ́ yìí ṣì ń wọ inú ìjọ lónìí pẹ̀lú aṣọ tuntun. A ń rí àwọn tí wọ́n máa ń sọ fún aláìsàn pé kí ó jẹ́wọ́ ẹṣẹ̀ ìkọ̀kọ̀ rẹ̀ kí ìléròrò tó lè gbẹ. Ǹjẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ Jóòbù kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ wàásù bẹ́ẹ̀? Eéwo bo Jóòbù láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, wọ́n sì ní ó ti ní láti dẹ́ṣẹ̀. Ní ìgbẹ̀yìn, àwọn ni Ọlọ́run bínú sí, Jóòbù ni ó sì gbàdúrà fún wọn.

Nígbà tí Hesekáyà ọba ṣàìsàn, ó gbàdúrà, ó sì sọkún. Ọlọ́run gbọ́ ọ, síbẹ̀ wòlíì Àìsáyà ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú eéwo náà. Àdúrà àti oògùn kò bá ara wọn jà ní ààfin ọba yẹn. Ẹni tí ó kọ ìwé Ìhìnrere kẹta, oníṣègùn ni Pọ́ọ̀lù pè é. Kí ni àwa yóò wá fi ṣe ìdí tí a óò fi di ọ̀nà ilé ìwòsàn mọ́ ìyá wa?

ÌTỌ́JÚ WÀ

Kí oògùn tó dé, èyí tí ó pọ̀ jù nínú àwọn tí pemphigus mú ni ó ń kú. Ní ọdún 1948 ni Philip Hench àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà kọ́kọ́ lo cortisone fún aláìsàn oríkèé. Wọ́n gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní ọdún 1950. Láti inú ìdílé oògùn yìí ni èyí tí a ń lò fún ìléròrò ti wá, irú bíi prednisolone. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ni ó ń yè.

Dókítà yóò kọ́kọ́ gé awọ kékeré ní ẹ̀gbẹ́ ìléròrò, yóò sì gba ẹ̀jẹ̀, kí ó lè dá àrùn náà mọ̀ dájú. Ẹ má ṣe bẹ̀rù èyí. Fún pemphigoid, ìtọ́jú kì í ṣe oògùn gbígbé mì nìkan. Ní ọdún 2002, Pascal Joly àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Faransé tẹ ìròyìn kan jáde nípa aláìsàn 341. Nínú àwọn tí àrùn wọn gbilẹ̀, 76 nínú 100 àwọn tí ó fi ìpara clobetasol pa ara ni ó wà láàyè lẹ́yìn ọdún kan; nínú àwọn tí ó ń gbé prednisone mì, 58 nínú 100 ni. Ní ọdún 2017, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe ní Ìlú Ọba àti Jámánì fi hàn pé doxycycline, oògùn tí ó wọ́pọ̀ tí kò sì wọ́n, kò yá tó prednisolone láti gbẹ ìléròrò, ṣùgbọ́n ewu rẹ̀ kéré sí i láàárín ọdún kan.

Ẹ ṣọ́ra o! Clobetasol yìí kan náà ni àwọn kan ń pò mọ́ ìpara tí wọ́n fi ń bóra ní ọjà. Pé ẹ lè rí i rà kò sọ pé kí ẹ máa fúnra yín lò ó. Prednisolone náà, ó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀jẹ̀ ríru lọ sókè, ó lè mú kí egungun gbẹ, ó sì lè jẹ́ kí kòkòrò àrùn rí ààyè wọlé. Dókítà ní láti máa ṣọ́ aláìsàn. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá ti ń lò ó fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kò gbọdọ̀ dá a dúró lójijì, nítorí ara rẹ̀ lè dákú. Díẹ̀díẹ̀ ni dókítà yóò máa dín in kù. Bí ẹnikẹ́ni bá gbàdúrà fún yín tí ẹ sì gbàgbọ́ pé ẹ ti rí ìwòsàn, ẹ yin Ọlọ́run, kí ẹ sì padà lọ fi ara yín han dókítà, gẹ́gẹ́ bí Jésù ti ní kí àwọn adẹ́tẹ̀ mẹ́wàá lọ fi ara wọn han àlùfáà.

OHUN TÍ ÌDÍLÉ LÈ ṢE NÍLÉ

Ẹ má ṣe bó awọ orí ìléròrò kúrò. Òun ni ó ń bo egbò. Bí ó bá ki jù, nọ́ọ̀sì lè fi abẹ́rẹ́ tí ó mọ́ tú omi inú rẹ̀, kí ó sì fi awọ rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má ṣe fi àdín, eérú, èpò ọkọ̀ tàbí ìfọyín sí i. Ẹ fi omi tí ó mọ́ wẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́, ẹ wọ aṣọ òwú tí ó fẹ̀ fún un, ẹ sì máa pààrọ̀ aṣọ ibùsùn rẹ̀ déédéé. Ara tí ó ń sun omi ń pàdánù oúnjẹ. Nítorí náà ẹ fún un ní ẹyin, ẹja, ẹ̀wà àti omi púpọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá bó, ẹ fún un ní ẹ̀kọ tí kò gbóná, ẹ yọ ata kúrò. Bí egbò bá ń rùn, tàbí tí ó ń ṣọyún, tàbí tí ibà bá dé, ẹ tètè padà sí ilé ìwòsàn.

Ẹ sì máa jókòó tì í. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ-ọmọ wọlé. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ohun tí ó ń dun àgbàlagbà ju ìléròrò lọ ni ojú tí wọ́n fi ń wò ó.

ṢÉ KÍ A WÁ ṢÍWỌ́ ABẸ́RẸ́ GBÍGBÀ?

Rárá o. Ẹ wo ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òkè ọya ní ọdún 2003 sí 2004, nígbà tí wọ́n dá àjẹsára rọpárọsẹ̀ ọmọdé dúró nítorí ìfura. Àrùn náà gbilẹ̀, ó sì ti ibẹ̀ tàn dé àwọn orílẹ̀-èdè tí ó ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àwọn ọmọ tí ó rọ nígbà náà ti di àgbà báyìí, ẹsẹ̀ wọn kò sì padà bọ̀ sípò. Ìgbà tí a padà sí ìdí iṣẹ́ ni ìṣẹ́gun dé: ní oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni wọ́n kéde pé kò sí kòkòrò rọpárọsẹ̀ ti inú ìgbẹ́ ní ilẹ̀ Áfíríkà mọ́.

Ẹni tí ó bá ti ní àrùn ìléròrò yìí, tàbí tí tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, kí ó sọ fún dókítà rẹ̀ kí ó tó gba òmíràn. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì lè gbà á. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń lo oògùn tí ó ń tẹ agbára ara rì kò gbọdọ̀ gba abẹ́rẹ́ tí a fi kòkòrò alààyè tí ó ti rọ ṣe, irú bíi ti ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, láìjẹ́ pé dókítà rẹ̀ fọwọ́ sí i.

Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn abẹ́rẹ́, ẹ má ṣe dákẹ́, ẹ má sì ṣe fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí orí fóònù nìkan. Ẹ padà sí ilé ìwòsàn tí ẹ ti gbà á, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì dé ọ̀dọ̀ NAFDAC. Àwọn ọmọ wa tí ó wà ní Ìlú Ọba lè fi tiwọn sínú ètò Yellow Card, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1964. Ti Amẹ́ríkà ń jẹ́ VAERS, ó bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1990. Bí a bá ka irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ jọ ni àwọn oníṣègùn fi lè mọ èyí tí abẹ́rẹ́ fà àti èyí tí ó kàn bá a rìn.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbé àwọn ọmọ yín lọ gba abẹ́rẹ́ wọn. Ẹ̀yin ọmọ, bí ara ìyá tàbí baba yín bá ń yún wọn láìdẹwọ́, tí ó sì ń lé ròrò, ẹ má ṣe tì wọ́n mọ́lé. Ẹ wá dókítà awọ ara fún wọn. Ẹ̀yin alàgbà àti olórí ẹgbẹ́ àdúrà, bí wọ́n bá gbé irú aláìsàn bẹ́ẹ̀ wá sọ́dọ̀ yín, ẹ fọwọ́ kàn án bí ẹ ti ń gbàdúrà fún un, nítorí kò lè ràn yín, lẹ́yìn náà kí ẹ bá wọn wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Kí Olúwa kí ó wo gbogbo aláìsàn tí ó wà láàárín wa sàn, kí ó sì fún wa ní ọgbọ́n láti tọ́jú wọn. Àmín.